Díẹ̀díẹ̀ Ni Wọ́n Ń Fi Oògùn Wárápá Sílẹ̀

Obìnrin kan ń dín àkàrà ní Bẹẹrẹ, n'Ìbàdàn. Odidi ọdún mẹ́ta ni wárápá ò fi gbé e, nítorí kì í pa oògùn rẹ̀ jẹ. Nígbà tí oògùn gbówó lórí, ó ní ara òun ṣáà ti yá, ló bá pa á tì. Ọjọ́ kẹrin ló ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada. Àpá epo gbígbóná ṣì wà lápá ọ̀tún rẹ̀, láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má bú u. Ta ni kò ní wù kó bọ́ lọ́wọ́ oògùn ojoojúmọ́? Ó sì ṣeé ṣe fún ọ̀pọ̀ èèyàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan wà tí wọn ó máa lò ó títí ayé. Bí wárápá ò bá gbé èèyàn fún ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, dókítà lè yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá gbà, ọ̀pọ̀ oṣù ni wọ́n fi ń dín in kù, torí oògùn náà ti mọ́ ọpọlọ lára. Ẹni tó bá já a lójijì, wárápá lè padà dé tagbáratagbára, kí ọ̀kan má tíì lọ kí òmíràn ti dé. Èyí tó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíákíá. Ó ń pani. Phenobarbitone, oògùn wárápá tówó tálákà ń ká gan-an, wà lára èyí tó gba sùúrù jù láti fi sílẹ̀.

Ní Ìbàdàn ńkọ́! UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì, ti wà níbí láti 1957. Ibí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣuntókun, dókítà onímọ̀ àìsàn ọpọlọ, ti gbéra lọ sí Ìgbò-Ọrà, tí wọ́n ń ka àwọn oníwárápá láti ilé dé ilé. Ìmọ̀ ò wọ́n wa. Oògùn ló ń tán ní ibùdó ìlera alábọ́dé, tí wọ́n á ní kí aláìsàn padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ kan láìfi nǹkan kan sẹ́nu, kí ló tún ń jẹ́ jíjá lójijì?

Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí. Kí phenobarbitone àti carbamazepine má ṣe tán mọ́ láwọn ibùdó wọ̀nyí, kó sì jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ẹni tí kò ní. Ẹ̀yin pásítọ̀ àti àfáà, ẹ máa bá wọn gbàdúrà, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba oògùn lọ́wọ́ wọn.

Alákàrà yẹn ti padà sídìí oògùn rẹ̀. Ó ṣì ń wù ú kó fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Dókítà ní kó fún òun ní ọdún méjì sí i ná.