Kíkọ sudo sínú fáìlì .desktop kò sọ ọ́ di àṣẹ root

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lo Linux ló gbà pé bí ẹ bá fẹ́ kí àmì kan lójú kọ̀ǹpútà ṣe iṣẹ́ root (ọ̀gá tó ní àṣẹ lórí gbogbo ẹ̀rọ náà), ẹ ṣáà ti kọ sudo, tó ń jẹ́ kí àṣẹ ṣiṣẹ́ bíi root, síwájú àṣẹ inú fáìlì .desktop rẹ̀ (fáìlì tó ń sọ ohun tí àmì náà máa ṣe), ó bùṣe. Ẹni tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ máa ń há, tó fẹ́ tún cups (ètò tó ń bójú tó ìtẹ̀wé) bẹ̀rẹ̀, á kọ ọ́ báyìí:

Exec=sudo systemctl restart cups

Á tẹ àmì náà, nǹkan kan ò ní ṣẹlẹ̀. Inú Terminal ni sudo ti ń béèrè páásíwọ́ọ̀dù, àmì tí kò sì ní Terminal=true nínú kì í ṣí Terminal kankan. Sudo ò rí ibi tó ti máa béèrè, ló bá dá iṣẹ́ dúró. Lórí GNOME, ẹ tẹ journalctl --user -e, ẹ ó rí i níbẹ̀: "a terminal is required to read the password".

Ibi tó ti ń bàjẹ́ gan-an ni ìmọ̀ràn tó máa ń tẹ̀ lé e, pé kí ẹ kọ NOPASSWD: ALL sínú sudoers, fáìlì tó ń sọ ẹni tó lè lo sudo. Àmì náà á ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ètò tó bá ń ṣiṣẹ́ lórúkọ yín ló lè di root láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Chmod u+s, tó yẹ kó mú kí fáìlì ṣiṣẹ́ lórúkọ ẹni tó ni ín (setuid), kò wúlò lórí script, ìyẹn fáìlì tí a to àwọn àṣẹ sí: Linux kì í ka setuid sí lórí fáìlì tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú #!.

Ní ti cups yìí, ẹ yọ sudo kúrò pátápátá:

Exec=systemctl restart cups

Systemctl fúnra rẹ̀ máa ń bá polkit, ètò tó ń yẹ ẹni tó láṣẹ wò, sọ̀rọ̀, fèrèsé páásíwọ́ọ̀dù á sì yọ síta. Àwọn àṣẹ tí kò mọ polkit ni pkexec, tó ń bá wọn gba àyè root lọ́wọ́ polkit, wà fún. Ká ní ẹ fẹ́ máa fi àmì kan gbá ilẹ̀ (kó àwọn fáìlì tí kò wúlò mọ́ dànù) lórí Debian tàbí Ubuntu, ẹ ṣe script kan tó ń jẹ́ gbale:

#!/bin/sh
apt-get clean
journalctl --vacuum-time=14d

Ẹ gbé e síbi tó yẹ:

sudo install -o root -g root -m 755 gbale /usr/local/sbin/gbale

Lẹ́yìn náà, Exec=pkexec /usr/local/sbin/gbale. Ẹ má fi script yìí sílẹ̀ nínú fóldà ilé yín. Bí ẹ bá lè kọ nǹkan sínú rẹ̀ láìlo sudo, ètò mìíràn tó ń ṣiṣẹ́ lórúkọ yín náà lè fi ìlà tirẹ̀ kún un, ẹ̀yin gan-an lẹ ó sì fi páásíwọ́ọ̀dù yín fọwọ́ sí i. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kì í ronú kan ibí yìí.

Inú script náà ni kí gbogbo &&, | àti > wà, torí Exec kì í ṣe shell (ètò tó ń túmọ̀ irú àmì bẹ́ẹ̀). Ẹ kọ ọ̀nà fáìlì ní kíkún pẹ̀lú, nítorí pkexec máa ń bẹ̀rẹ̀ láti /root, $HOME náà á sì di /root. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ (UID) ẹni tó tẹ àmì náà wà nínú PKEXEC_UID.

Pkexec kì í gbé DISPLAY àti XAUTHORITY, tí ètò nílò láti ṣí fèrèsé, lọ, ìdí nìyẹn tí pkexec gedit (ètò ìkọ̀wé tó ní fèrèsé) kì í fi ṣí. Kò tiẹ̀ yẹ kí ètò bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ bíi root. Bí ẹ bá fẹ́ tún fáìlì ṣe, sudoedit /etc/fstab nínú Terminal ti tó. Àwọn tó ṣì ń dárúkọ gksu, tó máa ń fi fèrèsé béèrè páásíwọ́ọ̀dù, Debian ti yọ ọ́ kúrò ní 2018, kò sì sí nínú Ubuntu 18.04 síwájú.

Bí ẹ kò bá fẹ́ páásíwọ́ọ̀dù rárá, ẹ fún àṣẹ kan ṣoṣo náà láyè. Ẹ ṣí sudo visudo -f /etc/sudoers.d/gbale, kí ẹ kọ orúkọ tí ẹ fi ń wọlé sípò ade:

ade ALL=(root) NOPASSWD: /usr/local/sbin/gbale ""

Àmì "" yẹn kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi nǹkan mìíràn kún àṣẹ náà. Exec á wá di sudo -n /usr/local/sbin/gbale. Kí orúkọ fáìlì inú sudoers.d má ní àmì ìdánudúró nínú o: sudo máa ń fo irú rẹ̀ dá láìsọ nǹkan kan.

Bí pkexec náà bá dákẹ́ lórí i3 tàbí Openbox (àwọn ètò tó kàn ń to fèrèsé), kò sí ètò tó máa gbé fèrèsé polkit jáde níbẹ̀ ni. Ẹ fi lxpolkit sínú ohun tó ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ bá wọlé.