Ẹ yé fi ọrùn wọn ṣòkòtò

“Ọmọ mi, kó báǹdì ẹ̀ mọ́ ọrùn. Tó bá ti kan ara wọn lẹ́yìn, gbé e lọ, á bá ẹ mu.”

Wọ́n tún ti sọ ọ́ lọ́sẹ̀ yìí, nídìí òkìtì òkìríkà kan ní Ọjà Ọba, ní Òṣogbo wa níbí, fún ọmọbìnrin kan tó mú ṣòkòtò ẹlẹ́sẹ̀ gbàgàdà dání. Ọmọ náà kó o mọ́ ọrùn, igun méjèèjì kan ara wọn, ó sanwó. Kò sẹ́ni tó béèrè bí híìpù rẹ̀ ṣe tó, kò sẹ́ni tó na téèpù. Bí ẹ bá dé ọjà Orísunbáre, ohun kan náà lẹ máa gbọ́. Ìyá ń kọ́ ọmọ, ọ̀gá ń kọ́ ọmọṣẹ́, gbogbo wọn ń sọ ọ́ bí ẹni pé òfin ni.

Irọ́ ni. Ọrùn kò mọ nǹkan kan nípa ìbàdí. Bó bá wá jẹ́ ṣòkòtò fífẹ̀ tó gbòde báyìí, èyí tí báǹdì rẹ̀ ń gun dé ìdodo, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń já wálẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ìdí, ibẹ̀ gan-an ni irọ́ náà ti ń náni lówó jù.

Ohun tí wọ́n ń sọ, tí a bá sọ ọ́ di nọ́ńbà, ni pé ọrùn ènìyàn jẹ́ ìdajì wéésì rẹ̀. Kò ṣòro láti yẹ̀ wò. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà ní ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin inú ilé yín. Bó bá jẹ́ 16, a jẹ́ pé ṣòkòtò 32 ló yẹ kó máa wọ̀ nìyẹn. Ẹ wá wo ṣòkòtò rẹ̀. Àwọn tó ń wọ kọ́là 16 tí wọ́n sì ń wọ ṣòkòtò 36 tàbí 38 pọ̀ nílùú, ọrùn wọn ò sì tó 18 tàbí 19. Obìnrin tí wéésì rẹ̀ jẹ́ 36 gbọ́dọ̀ ní ọrùn ínṣì 18 kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè jẹ́ òótọ́ lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọrùn obìnrin púpọ̀ kò kọjá àárín 12 sí 15. Abiyamọ tí wéésì rẹ̀ fi ínṣì 4 ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ọrùn rẹ̀ kò ní fi 2 ga. Ikùn àti ẹ̀gbẹ́ ni ara ń kọ́kọ́ gbà sí, kì í ṣe ọrùn.

Àṣìṣe ọrùn sì ń di ìlọ́po méjì ní wéésì. Bí igun báǹdì méjèèjì bá fi ínṣì kan péré jìnnà síra lẹ́yìn ọrùn, ínṣì méjì ni ṣòkòtò náà fi há. Kí ọwọ́ fa báǹdì díẹ̀, kí ó dẹ̀ ẹ́ díẹ̀, gbogbo ìṣirò ti dàrú. Mo gbà pé ẹni tẹ́ẹ́rẹ́ tí ọrùn rẹ̀ jẹ́ 13, tí wéésì rẹ̀ jẹ́ 26, yóò rí i pé ó bá òun mu. Ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni.

Ṣùgbọ́n ká tilẹ̀ fi gbogbo ìyẹn sílẹ̀, ká gbà pé ọrùn mọ wéésì. Kò tíì sọ ohun tó yẹ ká mọ̀ fún wa. Ohun tó ń mú ṣòkòtò fífẹ̀ dúró dáadáa lára ni ìjókòó rẹ̀: láti oríta abẹ́, níbi tí ojú rírán mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti pàdé, dé orí báǹdì. Ẹ mú ṣòkòtò méjì tí báǹdì àwọn méjèèjì jẹ́ ínṣì 30. Ìjókòó iwájú ọ̀kan jẹ́ 8, ti èkejì jẹ́ 12. Ẹ kó wọn mọ́ ọrùn, bákan náà ni wọ́n máa rí. Ẹ wá fún ẹni tí wéésì rẹ̀ jẹ́ 30 ní méjèèjì. Onínṣì 12 á gun dé ìdodo, á jókòó síbẹ̀ jẹ́ẹ́. Onínṣì 8 kò lè gun débẹ̀ láé. Ìsàlẹ̀ ìdodo ló máa dúró sí, níbi tí ara ẹni náà ti lè tó 35 tàbí 36, síìpù kò sì ní pa dé. Báǹdì kan náà, ọrùn kan náà. Ọ̀kan wọ̀, èkejì kò wọ̀. Kí ni ọrùn wá wọ̀n?

Ṣòkòtò fífún lè fara da ìjókòó tí kò pé, torí pé itan àti ojúgun ń bá a di ara mú. Ṣòkòtò fífẹ̀ kò ní ibòmíràn tó rọ̀ mọ́ ju wéésì àti ẹ̀gbẹ́ ìdí lọ. Gbogbo ìyókù, ńṣe ló ń já wálẹ̀. Bí òkè bá fi díẹ̀ ṣì, ìsàlẹ̀ á tú àṣírí rẹ̀. Bí ẹ bá rí ìlà méjì mẹ́ta tó ń ta láti oríta abẹ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ níwájú, híìpù há tàbí ìjókòó iwájú kúrú. Bí aṣọ bá há sí abẹ́ ìdí lẹ́yìn, tí kò já, ahọ́n abẹ́ ẹ̀yìn ló kúrú, ìyẹn ibi tí a máa ń fi kún aṣọ kí ó lè yí abẹ́ kọjá. Nígbà tí a bá ń gé e, ohun tí a ń fún iwájú ni híìpù tí a pín sí ọ̀nà 16, ti ẹ̀yìn ni híìpù tí a pín sí ọ̀nà 8. Híìpù 40, iwájú gba ínṣì 2½, ẹ̀yìn gba 5. Ẹni tí ìdí rẹ̀ yọ dáadáa ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn. Bí ahọ́n yìí kò bá tó, ẹsẹ̀ ṣòkòtò méjèèjì á yí sínú, wọ́n á máa gbo ara wọn bí ènìyàn ṣe ń rìn, aṣọ tó yẹ kó gbéni ga á wá dà bí ohun tí a yá. Bí àpò ẹ̀gbẹ́ bá ya ẹnu sílẹ̀, ẹ má wulẹ̀ gán an pa. Híìpù ló há.

Ibi tó ń dunni jù rèé. Wéésì nìkan ni ọrùn ń gbìyànjú láti wọ̀n, wéésì yìí kan náà ló sì rọrùn jù láti tún ṣe. Bó bá fi ínṣì 2 tóbi, télọ̀ á tú báǹdì lẹ́yìn, á dín in ní ojú rírán àárín ẹ̀yìn, á dá báǹdì padà. Bó bá ju 2 lọ ni àpò ẹ̀yìn méjèèjì á bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ra, a ó wá gbọ́dọ̀ pín in sí ẹ̀gbẹ́. Híìpù tó há ńkọ́? Ṣòkòtò obìnrin alárà, ìdajì ínṣì ni wọ́n sábà máa ń fi sílẹ̀ nínú ojú rírán rẹ̀. Kò sí ohun tí a fẹ́ tú níbẹ̀. (Ti ọkùnrin, pàápàá ti kóòtù, máa ń ní ínṣì kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní àárín ẹ̀yìn.) Ìjókòó tó kúrú kò ní àtúnṣe kankan, àfi ká lẹ aṣọ mọ́ abẹ́ rẹ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ rí. Nítorí náà, ohun tí a lè tún ṣe ni wọ́n ń fi ọrùn wá, ohun tí a kò lè tún ṣe ni wọ́n ń sanwó rẹ̀ láìwò.

Ìdí tí irọ́ yìí fi pẹ́ láyé kò ṣòro láti mọ̀. Nígbà tí sìkíńnì gbòde, láíkírà wà nínú aṣọ rẹ̀. Ó há, ó nà, àṣìṣe ínṣì méjì wọlé sínú rẹ̀ láìsí ẹni tó mọ̀. Kiríìpù kì í nà bẹ́ẹ̀, líníìnì kì í nà, àǹkárá kì í nà rárá. Bẹ́ẹ̀ sì ni ṣòkòtò fífẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí wa. Kẹ̀ǹbẹ̀ fẹ̀ ju ohun tí a ń wọ̀ yìí lọ, okùn ni wọ́n fi ń fún un ní ìbàdí. Okùn ló ń wá wéésì oníkálukú, gbogbo iṣẹ́ tó kù wà ní abẹ́, kí baba lè jókòó, kó sì gun ẹṣin. Pàlásò àdìrẹ onírọ́bà tí wọ́n ń rán nílùú aró wa yìí náà, ẹ tún ń rí àwọn tó ń kó o mọ́ ọrùn. Rọ́bà tí ẹ lè fà dé 40! Kí lẹ ń wá?

Wọ́n á ní kò sí yàrá tí a ti lè gbìyànjú aṣọ wò lọ́jà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ ọrùn di téèpù. Téèpù kò wúwo nínú báàgì, owó rẹ̀ kò sì tó owó mọ́tò tí ẹ wọ̀ dé Alékúwodò. Ẹni tí kò ní téèpù lè ta kókó sí okùn nílé níbi wéésì, híìpù àti ìjókòó rẹ̀. Ẹni tó bá sì wọ síkẹ́ẹ̀tì fífẹ̀ lọ sọ́jà lè fa ṣòkòtò wọ̀ lábẹ́ rẹ̀ láìsí ẹni tó máa rí ara rẹ̀.

Báyìí ni kí ẹ ṣe é. Nílé, ẹ wọn wéésì níbi tí ẹ fẹ́ kí báǹdì dúró sí, ẹ má fa ikùn sínú. Ẹ wọn híìpù níbi tó ti yọ jù, tó sábà máa ń jẹ́ ínṣì 7 sí 9 sí ìsàlẹ̀ wéésì. Lẹ́yìn náà, èyí tí ọ̀pọ̀ kì í ṣe: ẹ fi téèpù sí wéésì níwájú, ẹ gbà á gba abẹ́ kọjá, ẹ fà á dé wéésì lẹ́yìn, kó má ṣe há. Ẹ kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀. Lọ́jà, ẹ pa síìpù àti bọ́tìnnì dé, ẹ tẹ́ ṣòkòtò pẹrẹsẹ. Ẹ wọn báǹdì, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Ẹ wọn híìpù rẹ̀ níbi tí síìpù parí sí, ẹ sọ òun náà di ìlọ́po méjì. Bí aṣọ kì í bá nà, ó gbọ́dọ̀ fi ínṣì 2 ó kéré tán ju híìpù yín lọ. Ẹ wọn ìjókòó iwájú àti ti ẹ̀yìn láti oríta abẹ́, ẹ pa wọ́n pọ̀. Kí àpapọ̀ náà bá èyí tí ẹ kọ sílẹ̀ dọ́gba, tàbí kó fi ínṣì kan jù ú. Bó bá kéré sí i, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín, kódà bó rẹwà. Ẹ má sì tẹ̀ lé nọ́ńbà ara lébẹ́ẹ̀lì. Ṣòkòtò tí wọ́n kọ 32 sí lè jẹ́ 34 tí ẹ bá na téèpù sí i.

Ẹni tó ń rán tiẹ̀, ẹ má fún télọ̀ ní yáàdì méjì àǹkárá kí ẹ ní kó fi ọgbọ́n sí i. Àǹkárá fẹ̀ tó ínṣì 45 sí 46. Iwájú àti ẹ̀yìn kò lè gba ẹ̀gbẹ́ ara wọn, a gbọ́dọ̀ gé wọn sí gígùn méjì. Yáàdì 2½ ló tó o. Ọgbọ́n tí télọ̀ máa fi sí yáàdì méjì ni pé á gé lára ahọ́n abẹ́, ẹ ti mọ ohun tó ń tẹ̀yìn ìyẹn wá.

Àwọn tó tún ń sọ pé ẹni kúkúrú kò gbọ́dọ̀ wọ ṣòkòtò fífẹ̀, n kò ní lo àkókò púpọ̀ lórí tiwọn. Gígùn ló ń bà á jẹ́, kì í ṣe fífẹ̀. Ẹ wọ bàtà tí ẹ máa fi wọ̀ ọ́, kí etí ṣòkòtò fi ìdajì ínṣì jìnnà sí ilẹ̀, kí ẹ ki bùláòsì bọ inú rẹ̀ kí báǹdì hàn. Ẹni tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 5 àti díẹ̀, kí ẹnu ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ bí ínṣì 10 sí 11 nígbà tí a bá tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, dípò 15 ti pàlásò. Ẹ yan aṣọ tó ń já, bíi kiríìpù. Aṣọ líle ló ń dúró bí àgọ́ lára.

Bó bá sì jẹ́ kọ́tìnì, pàápàá àdìrẹ, ẹ rẹ ẹ sínú omi, ẹ sá a, ẹ lọ̀ ọ́ kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ṣòkòtò onínṣì 42 lè fi ínṣì kan sí méjì kúrú lẹ́yìn ìfọ̀ àkọ́kọ́.