Kí Ọfà Tó Kúrò Lápó

Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ohun tí èèyàn sábà máa ń rí nínú òwe yìí ni ohun tí ọ̀rọ̀ wa ń mú kí ẹlòmíràn ṣe sí wa: ká sọ ọ́ ire, kí wọ́n fún wa lóbì, ká sọ ọ́ burúkú, kí wọ́n ta wá lọ́fà. Òótọ́ ni. Àmọ́ ìtàn Nábálì, nínú Sámúẹ́lì Kìíní orí 25, ló jẹ́ kí n rí i pé kí ọfà tó kúrò lápó ẹlòmíràn, ó ti kọ́kọ́ kúrò lápó tiwa.

Ọlọ́rọ̀ ni Nábálì, 3,000 àgùntàn, 1,000 ewúrẹ́. Lásìkò tó ń rẹ́run àgùntàn, tí àsè wà nílé, Dáfídì rán ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́wàá sí i. Wọ́n kí i pẹ̀lú àlàáfíà, wọ́n sì tọrọ ohunkóhun tọ́wọ́ rẹ̀ bá bà. Àwọn èèyàn Dáfídì yìí náà ló ti ń ṣọ́ àwọn darandaran rẹ̀ tọ̀sán-tòru nínú oko. Èsì wo ló wá fọ̀? "Ta ní ń jẹ́ Dáfídì?" Ẹ gbọ́ ìyókù: oúnjẹ mi, omi mi, ẹran mi, àwọn olùrẹ́run mi. Mi, mi, mi. Ẹnikẹ́ni ò fi ọ̀rọ̀ yẹn sí i lẹ́nu. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Dáfídì àti 400 ọkùnrin ti sán idà mọ́dìí.

Ábígáílì, ìyàwó Nábálì, ló sáré di ẹrù oúnjẹ, ó wólẹ̀ níwájú Dáfídì, ó ní kí ẹ̀bi náà wà lórí òun. Dáfídì padà sẹ́yìn. Nígbà tí obìnrin náà délé tó bá ọkọ rẹ̀ nínú ọtí, kò wí nǹkan kan fún un títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ yẹn púpọ̀. Ọ̀pọ̀ wa ló ní òótọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu, tá ò lè fi sùn di ọjọ́ kejì.

Jésù ní ohun tó kún inú ọkàn ni ẹnu ń sọ (Lúùkù 6:45). Àwa a ní ìbínú ló fà á. Ta ló wá lè yọ ọfà nínú apó tó ṣófo?

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àmín àdúrà ìdílé tán, orin ṣì wà lẹ́nu mi, ni ọmọ mi ọkùnrin da ògì sí aṣọ funfun tí mo fẹ́ wọ lọ ṣọ́ọ̀ṣì. "Olórí burúkú!" Ó ti bọ́. Ọmọ náà ò sunkún. Ó di síbí mú, ó ń wo ẹnu mi. Jákọ́bù, nínú lẹ́tà rẹ̀ nínú Bíbélì, béèrè bóyá orísun kan lè sun omi dídùn àti omi kíkorò lójú kan náà. Èmi náà ti ka ẹsẹ yẹn fún àwọn ẹlòmíràn rí.

"Olúwa, fi ẹ̀ṣọ́ síwájú ẹnu mi," ni Sáàmù 141 wí, mo sì ń gbà á ládùúrà. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà kì í wọlé gbálẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ń gba ti Sáàmù 51 mọ́ ọn, pé kí Ọlọ́run dá àyà tuntun sínú mi.

Lọ́jọ́ yẹn, mo bẹ̀rẹ̀ kí ojú èmi àti tọmọ lè ṣe déédéé. Mo ní, "Olórí ire ni ẹ́, ọmọ mi. Má bínú sí mi." Ó wò mí díẹ̀, ó bu ògì tó kù nínú abọ́, ó sì na síbí náà sí mi lẹ́nu.