Ẹ yéé na ọmọ torí "he" àti "she"

Ó ń bí mi nínú gan-an o! Tọ́mọ bá ti lè sọ pé "my mummy, he is coming" báyìí, tíṣà á ti fa ẹgba yọ, gbogbo kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín. Ṣé ẹ ò mọ̀ pé "ó" kan ṣoṣo la ní ni, ọkùnrin o, obìnrin o, àga o, "ó" náà ni? Tó bá tún ní "he tall", wọ́n á ní olódo ni, bẹ́ẹ̀ "ó ga" ló wà lọ́kàn ẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe sì ni "ga" ní tiwa, kò nílò "is" kankan, àmọ́ adjective, ìyẹn ọ̀rọ̀ àpèjúwe, ni "tall" lọ́dọ̀ Òyìnbó, ó nílò "is" níbẹ̀ yẹn. Ìṣẹ́jú méjì lèèyàn fi máa ṣàlàyé ìyẹn! Kí ló dé tó jẹ́ ẹgba ló yá yín lára?