"Ẹ Má Fọwọ́ Kan Ẹni-Òróró Mi": Ta Ni Ọlọ́run Ń Bá Wí Níbẹ̀?

Ní ìpàdé ìjọ kan tí mo wà, màmá àgbàlagbà kan dìde, ó mú rísíìtì mẹ́ta lọ́wọ́, ó ní òun fẹ́ mọ ibi tí owó ilé ìjọsìn dé dúró. Kò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni. Kó tó sọ̀rọ̀ tán, alàgbà kan ti figbe ta lẹ́yìn: "Màmá, ẹ ṣọ́ra o! Ẹ má fọwọ́ kan ẹni-òróró Olúwa!" Màmá ká rísíìtì náà, ó fi í sábẹ́ ìró, ó jókòó.

Ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé ohun tí Bíbélì sọ nìyẹn, pé ẹni tó bá bi ìránṣẹ́ Ọlọ́run léèrè ọ̀rọ̀ ń fa ègún. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ ṣí Sáàmù 105, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ 15 tí ọ̀rọ̀ náà wà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ 9. Ọ̀rọ̀ Ábúráhámù, Ísáákì àti Jákọ́bù ló ń sọ níbẹ̀, nígbà tí wọn ò tíì pọ̀, tí wọ́n ń ṣe àtìpó láti ìlú dé ìlú. Àwọn ọba ni Ọlọ́run ń kìlọ̀ fún nítorí wọn.

Ẹ wá wo Jẹ́nẹ́sísì 20. Ábímélékì, ọba Gérárì, mú Sárà sí ààfin nítorí Ábúráhámù ti ní àbúrò òun ni. Ọlọ́run kò jẹ́ kó fọwọ́ kàn án, ó sì sọ fún ọba pé wòlíì ni Ábúráhámù. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ọba pe wòlíì náà, ó bi í pé kí ló fi irú èyí ṣe òun. Ábúráhámù ò gégùn-ún fún un. Ó ṣàlàyé ara rẹ̀. Ẹni-òróró tí ẹsẹ yẹn ń dáàbò bò gan-an nìyí, wọ́n bi í, ó sì dáhùn!

Ẹnìkan lè ní Dáfídì ńkọ́, ṣebí kò fọwọ́ kan Sọ́ọ̀lù, ọba ẹni-òróró tó ń wá a láti pa. Òótọ́ ni, kò pa á. Ṣùgbọ́n ó jáde nínú ihò àpáta, ó na etí aṣọ Sọ́ọ̀lù tó gé sókè, ó sì ké sí ọba pé kí ló dé tó ń lépa ẹ̀mí òun.

Májẹ̀mú Tuntun ò fi í pamọ́ rárá pé a lè bi olórí léèrè ọ̀rọ̀. Pọ́ọ̀lù bá Pétérù wí lójúkojú ní Áńtíókù. Ó ní kí Tímótì má gba ẹ̀sùn sí alàgbà láìsí ẹlẹ́rìí méjì tàbí mẹ́ta, èyí tó gba olórí lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ àhesọ. Ó wá fi kún un pé kí wọ́n bá ẹni tó bá ṣẹ̀ wí níwájú gbogbo èèyàn. Bí wọ́n sì ṣe fẹ́ gbé owó ìrànlọ́wọ́ lọ sí Jerúsálẹ́mù, òun nìkan kọ́ ló gbé e. Ó ní òun ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ohun wí sí àwọn.

Jòhánù tilẹ̀ kọ̀wé sí gbogbo onígbàgbọ́ pé wọ́n ní òróró láti ọ̀dọ̀ Ẹni Mímọ́. Ẹni-òróró ni màmá tí wọ́n pa lẹ́nu mọ́ yẹn náà.

Sámúẹ́lì ló da òróró sórí Sọ́ọ̀lù. Nígbà tó darúgbó, kò dúró kí wọ́n bi í. Ó dìde níwájú gbogbo Ísírẹ́lì, ó ní: màlúù ta ni mo gbà? Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ta ni mo gbà? Ta ni mo rẹ́ jẹ? Ẹ sọ, n ó dá a padà.

Títí di òní, kò sẹ́ni tó dá màmá yẹn lóhùn.