Ẹ má fún ajá lóògùn oorun kó tó wọ bàálù

Ohùn kan ń lọ káàkiri lórí WhatsApp níbí l'Ógbómọ̀ṣọ́ pé ẹni tó bá fẹ́ gbé ajá rẹ̀ lọ sí London, kó fún un lóògùn oorun, kó lè sùn débẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Oògùn oorun máa ń fa ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó ń mú kí mímí ṣòro, ara ajá ò sì ní lè kojú ooru tàbí òtútù bó ṣe yẹ. Ta ló máa yọjú wò ó ní ibi ẹrù inú bàálù? Ajá onímú pẹlẹbẹ, irú bulldog, ló wà nínú ewu jù.

Àgò tí ẹ máa fi gbé e lọ, tó bá ti mọ̀ ọ́n, ló ń fi í lọ́kàn balẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, ẹ ṣí i sílẹ̀ ní ọ̀ọ̀dẹ̀, ẹ tẹ́ ìró yín àtijọ́ sínú rẹ̀, kó máa jẹun níbẹ̀. Kí àgò náà gba ajá láti dìde, kó yípo, kó nà gbalaja.

Ẹ tètè rí dókítà ẹran. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń béèrè máíkíróṣíìpù (ohun kékeré tó ní nọ́ńbà ìdánimọ̀, tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ ajá) àti abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi. Ó kéré tán, ọjọ́ 30 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò bóyá abẹ́rẹ́ náà ṣiṣẹ́, ẹ ó sì tún dúró fún oṣù 3 lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ náà.