Ilẹ̀ tí wọ́n bò ló ń lé omi wọlé
Àwọn kan nínú yín ní kò sáyè kankan mọ́ nígboro Ìbàdàn tí a lè fi ṣe ọgbà ìtura. Irọ́ ni o! Etí odò Ògùnpa ńkọ́? Omíyalé 1980 gbẹ̀mí èèyàn rẹpẹtẹ, ti 2011 tún dé, síbẹ̀ ilé àti ṣọ́ọ̀bù ṣì ń sún mọ́ ẹnu omi. Bí wọ́n bá fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún koríko àti igi, omi á ríbi tẹ́ sí, àwọn ọmọ á sì ríbi gbá bọ́ọ̀lù.

Ẹ̀gbọ́n tó sọ pé gọ́tà ńlá nìkan ló kù tá a lè fi dènà omíyalé, kò tó o, sà. Ilẹ̀ lásán ni iwájú ilé wa tẹ́lẹ̀, igi máńgòrò kan wà níbẹ̀, bójò ṣe ń rọ̀ nilẹ̀ ń fà á mu. Lánlọ́ọ̀dù gé igi, ó fi íńtálọ́ọ̀kì bo gbogbo rẹ̀ dé ẹnu géètì. Ó dùn-ún wò lóòótọ́. Òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, inú yàrá mi lomi gbà kọjá. Bàtà ọmọ mi ni mo rí tó ń léfòó ní pálọ̀. Mo pe lánlọ́ọ̀dù, ó ní kí n lọ fi búlọ́ọ̀kù dí ẹnu ọ̀nà.